Mo san gbogbo owó wọn tán, kí ló dé tí BIC mi kò fi dára?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mò ń gbé, àgbàdo àti gàrí ni mò ń tà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yá owó ní ilé ayánilówó kan níbí, àwa obìnrin márùn-ún tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Lóòótọ́, mo máa ń dúró kí ọjà tà kí n tó lọ san án, ṣùgbọ́n mo máa ń san án tán. Báyìí mo fẹ́ dá yá 800 000 sẹ́fà fúnra mi kí n fi ra ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo. Mo lọ sí ilé ayánilówó mìíràn ní Pobè, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n ní BIC mi kò dára. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa kó owó tirẹ̀, ó sá gba ìhà Nàìjíríà lọ. Ṣé òun ló kó bá mi? Àbúrò mi tó wà ní Houston ní kí n lọ gba káàdì báǹkì, kí n máa ná díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, pé máàkì mi á gòkè. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá Ìbejì, Kétu.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ìdáhùn tí ẹ ń wá ti wà nínú lẹ́tà yín, níbi tí ẹ ti sọ pé ẹ máa ń dúró kí ọjà tà kí ẹ tó lọ san owó. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́ ju ọ̀dọ̀ ẹni tó sá lọ. A ó dé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí BIC jẹ́, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbègbè wa ló rò pé àwọn ìjọba ló jókòó síbì kan tí wọ́n ń kọ orúkọ ajigbèsè sílẹ̀. Bureau d'Information sur le Crédit ni wọ́n ń pè é ní Faransé, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń kó ìròyìn nípa gbèsè jọ. Òfin rẹ̀ kò yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì nínú àwọn mẹ́jọ tó wà ní UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; ọdún 2013 ni àwọn mínísítà fọwọ́ sí i. Ilé iṣẹ́ Creditinfo, tó fi Abidjan ṣe ibùjókòó, ni BCEAO, báǹkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè náà, fún láṣẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016. Báǹkì àti àwọn ilé ayánilówó kéékèèké ló ń kó ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn: ta ló yáwó, eélòó ni, ọjọ́ wo ló yẹ kó san, ọjọ́ wo ló san. Àtèyí tó dára àtèyí tí kò dára ni wọ́n ń kó lọ. Nítorí náà, gbèsè tí ẹ jẹ ní Lomé, ẹni tó wà ní Pobè lè rí i. Èyí tí ẹ bá jẹ ní Ìlara lápá Nàìjíríà kò sí nínú ìwé yìí, torí Nàìjíríà kò sí nínú UEMOA, wọ́n ní tiwọn lọ́tọ̀.

BIC kì í yáni lówó, kì í sì í pàṣẹ pé kí wọ́n má yá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Pobè ló ka ìwé yín, òun náà ló sì pinnu. Wọ́n sì lè ṣírò máàkì jáde látinú ìwé náà, ṣùgbọ́n ìwé gan-an ni kí ẹ gbájú mọ́. Tí ohun tó wà nínú ìwé bá dára, máàkì á tẹ̀ lé e. Ẹ ò sì ní lè sọ pé ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá: lára àwọn ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí tàbí kí ẹ tẹ̀ka sí nígbà tí ẹ ń yáwó, èyí tó fi àṣẹ fún wọn láti kó ìròyìn yín fún BIC wà níbẹ̀. Òfin ló ní kí wọ́n gba àṣẹ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń kà á fún yín ketekete ni, ẹ̀yin náà sì ń kánjú kí owó jáde.

Ó yá, ẹ wo bí ọjọ́ ṣe ń bani jẹ́. Ká ní ẹ yá 240 000 sẹ́fà fún oṣù mẹ́fà, 40 000 lóṣù kan yàtọ̀ sí èlé, tí ọjọ́ sísan sì jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù. Ọjọ́ karùn-ún pé, àgbàdo ṣì wà nínú àpò, oníbàárà tó ní òun ń bọ̀ láti Ṣakété kò tíì dé. Ẹ tajà tán, ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Oṣù kejì, ọjọ́ kẹrìnlá. Oṣù kẹta, ọjọ́ kejìlélógún. Bẹ́ẹ̀ títí oṣù mẹ́fà fi pé, tí gbèsè sì di òfo. Ẹ̀yin dìde, ẹ gbọn aṣọ, ẹ ní "mo ti san án tán," òótọ́ sì lẹ sọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, ìlà mẹ́fà ló wà, ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan sì ni iye ọjọ́ tí ẹ fi pẹ́ wà: mẹ́rìnlá, mẹ́sàn-án, mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó wà ní Pobè kò mọ̀ yín, kò mọ̀ pé ẹ kì í jẹ owó ẹlòmíràn. Ohun tó rí ni pé láàárín oṣù mẹ́fà, kò sí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí obìnrin yìí san owó lọ́jọ́ rẹ̀. Òun ni kó wá fún ní 800 000 láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn yín? Èmi náà ì bá lọ́ra.

Èyí tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú kì í sábàá rí i. Ọ̀pọ̀ ilé ayánilówó ló ń bu owó ìtanràn lé e tí ẹ bá pẹ́. Ká ní ìtanràn oṣù yẹn jẹ́ 700 sẹ́fà. Ẹ mú 40 000 àti èlé rẹ̀ wá géérégé, wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí fún yín, ẹ lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn kọ́kọ́ yọ 700 ìtanràn nínú owó tí ẹ mú wá, ó wá kù 700 nínú ti oṣù náà tí ẹ kò san. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín, ẹ̀yin náà kò bèèrè. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ohun kan náà. 700 sẹ́fà yẹn ń ka ọjọ́ lọ lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ẹ kọ̀ láti san ni. Lábẹ́ ìlànà BCEAO fún àwọn ilé ayánilówó kéékèèké, tí owó sísan ẹyọ kan bá ti pé 90 ọjọ́ láìsan tán, gbogbo owó-yá náà á bọ́ sínú èyí tí wọ́n ń pè ní "crédit en souffrance", ìyẹn gbèsè tó ti há. Ilé náà á wá yọ iye tó tó 40% gbèsè tó kù sọ́tọ̀ nínú owó ara rẹ̀ láti fi dí àdánù. Tó bá kọjá oṣù mẹ́fà, ó di 80%. Tó bá kọjá ọdún kan, wọ́n á kà á sí owó tó ti ṣòfò. Ẹ wá rí ìdí tí ojú wọn fi máa ń le. Ìdí sì nìyí tó fi jẹ́ pé ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ máa bi wọn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá san owó ni pé: "Ṣé ó kù nǹkan kan, tí ìtanràn bá wà ńkọ́?" Kí wọ́n sì kọ iye tó kù sórí ìwé náà lójú yín.

Ní ti ẹni tó sá lọ. Owó ẹgbẹ́ tí ẹ gbà, ẹ̀yin márààrún lẹ dúró fún ara yín, pé bí ọ̀kan kò bá san, àwọn yòókù á san. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé tí ẹ wà ní Kétu ni bóyá orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi kọ owó náà, tàbí orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbèsè tirẹ̀ wà lórí ìlà tirẹ̀, ẹ̀yin ẹ dúró gẹ́gẹ́ bí onídùúró, ó sì lè bọ́ sọ́rùn yín tí wọ́n bá ti ké sí yín láti san án tí ẹ kò dáhùn. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, gbogbo yín lẹ jọ wà nínú rẹ̀, ẹni tó san àti ẹni tó sá.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti san gbèsè tí ènìyàn kò jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ti fọwọ́ sí i. Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé kí ẹ̀yin mẹ́rin lọ bá wọn papọ̀, kí ẹ bèèrè iye tó kù gan-an, kí ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ètò sísan tuntun sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ lè bá. Tí ẹ bá san tiyín tán, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé tí wọ́n fi jẹ́rìí sí i pé ẹ kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Ìwé yẹn ni ẹ ó mú lọ sí Pobè. Owó tí ẹ bá san dípò rẹ̀, ẹ lè padà béèrè lọ́wọ́ òun tàbí àwọn ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àárín yín nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó dá ti ilé ayánilówó dúró. Èmi kò kórìíra owó ẹgbẹ́ o. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò ní ilẹ̀ tàbí ilé láti fi dógò, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí owó àkọ́kọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń pẹ́ nínú ẹgbẹ́ ń gbé orúkọ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo sì rò pé ẹ̀yin ti dàgbà jù ú lọ.

Ó kan àbúrò yín ní Houston. Ohun tó sọ kò burú fún ibi tó wà. Ní Amẹ́ríkà, máàkì FICO tí ọ̀pọ̀ ayánilówó ń lò bẹ̀rẹ̀ láti 300, ó parí sí 850. Bí a ṣe ń san gbèsè kó 35% nínú rẹ̀, iye tí a jẹ kó 30%, bí ìtàn gbèsè ẹni ṣe pẹ́ tó kó 15%, gbèsè tuntun àti oríṣiríṣi gbèsè tí ẹni ní kó 10% lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú 30% yẹn ni ọ̀rọ̀ káàdì rẹ̀ wà: tí wọ́n bá fún ọ láyè láti ná 1 000 dọ́là, tí o sì ń ná díẹ̀ nínú rẹ̀, máàkì á gbé pẹ́ẹ́lí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú káàdì tí wọ́n ń fún wa níbí, owó tiwa tó wà nínú àkáǹtì ni a fi ń ná, kì í ṣe owó yíyá. Ẹ lè fi ra gbogbo ọjà Kétu, kò ní kan BIC. Nǹkan mìíràn tó yàtọ̀ ni pé lọ́hùn-ún, ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ kì í sábàá dé inú ìwé wọn, àfi tó bá pé 30 ọjọ́. Torí náà ẹ bá mi kí àbúrò yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi káàdì sílẹ̀. Tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ní tòótọ́, kó fi owó díẹ̀ kún èyí tí ẹ ní nílẹ̀ fún ẹ̀rọ náà.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ béèrè ìwé BIC yín kí ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ òfin náà. Ẹ lè gba ọ̀dọ̀ ilé ayánilówó tí ẹ ti ń yáwó, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ BIC fúnra rẹ̀, ìwé ìdánimọ̀ yín ni wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè. Tí ìwé bá dé, orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gan-an ní ilẹ̀ yìí. Àjíbádé kan náà, wọ́n lè kọ ọ́ ní Adjibadé nínú ìwé ìbí, kí wọ́n kọ Ajibade sórí káàdì, kí òṣìṣẹ́ mìíràn fi lẹ́tà kan kún un nítorí bí ó ṣe gbọ́ ọ létí. Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Àìmọye ènìyàn ni wọ́n kọ "ní nǹkan bí ọdún báyìí" fún, tí wọ́n sì wá fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní dí i. Bí orúkọ bá jọra tí ọjọ́ ìbí sì jọra, gbèsè ẹlòmíràn lè já sọ́dọ̀ yín, tàbí kí gbèsè tí ẹ san dáadáa wà lábẹ́ orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé tiyín ni. Nọ́ńbà NPI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ANIP, àjọ ìdánimọ̀ ìjọba Benin, fún yín ni kí ẹ ní kí wọ́n kọ sínú fáìlì yín ní ilé ayánilówó kọ̀ọ̀kan, torí nọ́ńbà ẹnìkan kì í jọ ti ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn orúkọ, ẹ wo owó-yá kọ̀ọ̀kan: èyí tí ẹ ti san tán, ṣé wọ́n ti pa á? Iye tó kù, ṣé òdo ni? Tí àṣìṣe bá wà, ẹ má lọ bá BIC jà, torí wọn kì í dá ìròyìn yí padà. Ilé tó fi ìròyìn ránṣẹ́ ló máa tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ so ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ san mọ́ ọn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n ti lù ní òǹtẹ̀ padà. Ẹnu nìkan kò tó. Tí wọ́n bá dákẹ́, àjọ tó ń dáàbò bo ìròyìn ara ẹni ní Benin, APDP, wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí àwọn tó ń rìn káàkiri pé tí ẹ bá fún àwọn lówó, àwọn á bá yín pa orúkọ yín rẹ́ ní BIC. Irọ́ ni. Kò sí alárinà tó lè wọnú ìwé yẹn, owó yín ni wọ́n fẹ́ jẹ.

Ní ti bí ẹ ó ṣe tún orúkọ yín ṣe, kò sí oògùn rẹ̀ àfi kí ẹ yá owó kékeré kan, kí ẹ sì máa san án lọ́jọ́ rẹ̀. Ẹ yá 100 000 tàbí 150 000 ní orúkọ tiyín. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ọjọ́ sísan. Èyí ni àwọn ènìyàn wa kì í ṣe, wọ́n á kàn gba ọjọ́ tí wọ́n bá kọ fún wọn. Tí ẹ bá mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù ni ọwọ́ yín máa ń kún, ẹ ní kó jẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Tó bá jẹ́ àgbàdo lẹ fẹ́ rà pamọ́ lẹ́yìn ìkórè oṣù keje sí ìkẹjọ kí ẹ tó tà á nígbà tó bá wọ́n, ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní "différé", ìyẹn oṣù díẹ̀ tí ẹ kò ní san nǹkan kan yàtọ̀ sí èlé. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń bá àgbẹ̀ àti oníṣòwò oúnjẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi owó pamọ́ ṣáájú ọjọ́ sísan, kódà kó jẹ́ lórí MoMo, kí ó má bàa di pé ọjọ́ pé ni ẹ ń wá oníbàárà. Owó tí ẹ ń dá lójoojúmọ́ lọ́wọ́ alájọ dára fún èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ náà fúnra rẹ̀ kò sí nínú BIC.

Ẹ má yá owó ní ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ máa fi tọ̀tún san tòsì. Ẹni tó ń ka ìwé á rí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Owó-yá kéékèèké orí fóònù náà, gbèsè ni: báǹkì tàbí ilé ayánilówó kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, 5 000 tí ẹ gbàgbé sórí rẹ̀ sì lè ba ìwé jẹ́. Òfin tún fàyè gba àwọn tó ń pín iná àti omi láti fi ìròyìn ránṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí owó iná ilé tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀ máa kó jọ. Àti pé kí ẹ tó dúró fún ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè san gbogbo owó náà fúnra yín.

Ní ti èlé, kí wọ́n má rẹ́ yín jẹ nítorí pé orúkọ yín kò tíì dára. Èlé gbogbo tó fi mọ́ owó fáìlì àti àwọn owó mìíràn kò gbọ́dọ̀ kọjá 24% lọ́dún ní ilé ayánilówó kéékèèké, 15% ní báǹkì. Ẹ ní kí wọ́n fi TEG hàn yín lórí ìwé, nọ́ńbà tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo yín bọ́gbọ́n mu, mo sì rò pé ó sàn fún yín ju àgbàdo ìpamọ́ lọ níbi ọ̀rọ̀ gbèsè, torí ojoojúmọ́ ni obìnrin máa ń gbé àgbàdo wá lọ̀, owó á sì máa wọlé lójoojúmọ́. Tí ẹ bá san owó kékeré àkọ́kọ́ yẹn tán láìpẹ́ lọ́jọ́ kankan, ẹ padà sí Pobè pẹ̀lú ìwé tuntun, ìwé tí ilé Kétu fi jẹ́rìí sí yín, àti ìwé iye owó tí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ kọ fún yín. Ẹ má bèèrè 800 000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú 300 000 tiyín wá, kí ẹ yá 500 000, kí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìdógò. Èmi kò tíì rí ayánilówó tí kò wo ẹni tó fi owó ara rẹ̀ síwájú lójú rere.

Tí ìwé BIC náà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ya ojú ewé tí iye ọjọ́ tí ẹ fi pẹ́ wà ní fọ́tò kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó. Ẹ fi ọwọ́ bo nọ́ńbà NPI yín kí ẹ tó yà á.